Nọ́ọ̀sì àti Ẹbí Alárùn Jẹjẹrẹ ní Òkè-Ògùn

Ní Òkè-Ògùn, ẹbí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú alárùn jẹjẹrẹ. Ilé ìwòsàn wà ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń lọ fún ìtọ́jú onítànṣán, ní ilé ìwòsàn University College Hospital (UCH) tí wọ́n ṣí ní 1957. Bí aláìsàn bá ti padà délé, ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò fi oko tàbí òfì aṣọ òkè sílẹ̀ láti dúró tì í. Ẹni yìí gan-an ló yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ́ níṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Egbò jẹjẹrẹ ọmú máa ń rùn, òórùn náà a sì máa lé àlejò. Omi iyọ̀ tí wọ́n sè tó ti tutù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì lè lọ metronidazole, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Flagyl, kó wọ́n ọn sójú egbò. Òórùn yóò dínkù. Kó sì là á yé ẹbí pé jẹjẹrẹ kì í ràn: kò sídìí láti ya àwo aláìsàn sọ́tọ̀.

Ti ìrora ló le jù. Dókítà Anne Merriman gbé mọ́fíìnì olómi olówó pọ́ọ́kú, oògùn ìrora, dé Ùgáńdà ní 1993. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyánnwò wà lára àwọn aṣáájú ìtọ́jú tó ń dín ìrora kù. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń mu mọ́fíìnì yìí, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Ẹ̀rù a máa ba ẹbí pé yóò di bárakú. Kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn pé bí wọ́n bá lò ó bí dókítà ṣe wí, ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Àwọn ọmọ a máa bẹ nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún Bàbá.” Kò yẹ kó bá wọn jà, kò sì yẹ kó purọ́. Kó bi Bàbá fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ àti ẹni tó fẹ́ kó gbọ́ ọ. Bákan náà ni ti àgbo tí ẹbí ń fún aláìsàn mu: kí nọ́ọ̀sì má bá wọn wí, torí ìbáwí ló ń jẹ́ kí wọ́n fi í pamọ́.

Olùtọ́jú náà ńkọ́? Kí nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun, kó sì ní kí ẹbí máa gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ gba nọ́mbà fóònù wọ́ọ̀dù kí ẹ tó wọkọ̀ padà sílé.