Katakata Tó Ń Lo Iná: Ṣé Ó Ti Tó Àsìkò Kí Ẹgbẹ́ Dáwó Rà Á?

Láti ìgbà tí dísù ti wọ́n, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń dáwó ra katakata, tí wọ́n ń fi í háyà fún àgbẹ̀: ṣé èyí tó ń lo bátìrì kò ní sàn fún wa? Ìbéèrè ńlá ni, torí owó àjọ kì í ṣe owó ẹnì kan. Ìdáhùn wa rèé ní ṣókí. Kékeré tó ń lo iná ti ṣe é rà fún iṣẹ́ kékeré. Ńlá tó ń lo bátìrì nìkan kò tíì tó iṣẹ́ ìtúlẹ̀ tí a ń fi háyà. Àlàyé rẹ̀ nìyí.

Kì í ṣe ohun tuntun

Ní 1959, ilé iṣẹ́ Allis-Chalmers ní Amẹ́ríkà ti ṣe katakata kan tí iná ń yí táyà rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì 1,008 ló ń fi gáàsì ṣe iná fún un, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 20. Kò dé ọjà.

Ní 2016, John Deere gbé SESAM jáde láti fi dánra wò. Bátìrì rẹ̀ gba yúnìtì 130, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 4. (Yúnìtì tí à ń sọ yìí náà lẹ ń rà sórí mítà ilé yín.) Ní 2017, Fendt ti Jámánì fi e100 Vario hàn, bátìrì tiẹ̀ gba yúnìtì 100, wọ́n ní ó lè lo tó wákàtí 5. Ní ìparí 2020, Sonalika ti Íńdíà gbé Tiger Electric wá sọ́jà: agbára ẹṣin 15, bátìrì yúnìtì 25.5. Ilé iṣẹ́ náà ní tí a bá kì í bọ iná ilé lásán, wákàtí 10 ló máa fi kún.

Ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀

Lítà dísù kan ní agbára bíi yúnìtì 10 nínú, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ló ń bá ooru àti èéfín lọ. Bíi yúnìtì 3 ló ń di iṣẹ́. Ẹ̀rọ iná kì í ṣòfò bẹ́ẹ̀. Tó bá gba yúnìtì 10, ó máa lo 8 sí 9.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní katakata yín ń mu lítà 10 ní wákàtí kan tó bá ń túlẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 10, lítà 100 nìyẹn. Kí bátìrì tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ó ní láti gba tó yúnìtì 350. Dísù lítà 100 kò wúwo tó kílò 90. Bátìrì yúnìtì 350 máa wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Ẹrù yẹn á máa tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì rì níbi tí omi bá ti mu ilẹ̀ yó.

Àsìkò tún wà níbẹ̀. Ní Òkè Ọya, òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni owó háyà ń wọlé, tí katakata á máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Dísù, ẹ dà á látinú jẹ́ríkánù, ó parí. Bátìrì ní láti dúró gba iná.

Iná dà?

Láti oṣù Kẹrin 2024 ni yúnìtì kan ti lé ní ₦200 fún àwọn tó wà ní Band A. Kí bátìrì yúnìtì 350 tó kún, yúnìtì bíi 380 ló máa jẹ, torí díẹ̀ ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ìyẹn tó ₦80,000. Tí dísù bá jẹ́ ₦1,000 lítà kan, ₦100,000 ni lítà 100. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko mélòó ló wà lórí Band A? Tó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ dísù lẹ fẹ́ fi ṣáájì ẹ̀, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀.

Sólà ńkọ́? Pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì kan ń mú bíi yúnìtì 2 ààbọ̀ wá lójúmọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Yúnìtì 380 á gba pánẹ́ẹ̀lì tó lé ní 150. Ta ló fẹ́ lọ kan pánẹ́ẹ̀lì 150 mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀? Àwa tí a jẹ́ àlejò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹrù tí kò ṣe é tú gbé.

Àmọ́ bátìrì kékeré bíi ti Tiger, pánẹ́ẹ̀lì 12 ti tó o. Ìyẹn ṣe é tú, ó ṣe é kó sínú ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣe tòmátì tàbí ìrẹsì ní fàdámà, bíi ní Kura àti Kadawa ní Kánò, lè fi irú rẹ̀ tu koríko láàárín ebè, kó fi fín oògùn, kó sì fi fa tírélà kékeré. Lọ́jọ́ tí katakata bá sinmi, pánẹ́ẹ̀lì yẹn náà á máa fa omi. Kó má sáà fi túlẹ̀ líle.

Àdàlù ńkọ́?

Ẹ̀wà àti àgbàdo ló wà nínú àdàlù, kò sí èyí tó lé èkejì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni katakata tí wọ́n ń pè ní hybrid. Ẹ́ńjìnì dísù ń yí jẹnẹrétọ̀, iná tó tibẹ̀ jáde ló ń yí táyà. Kò sí pé à ń wá ibi tí a ó ti ṣáájì. Ẹ́ńjìnì á máa sáré níwọ̀n tí kì í ti mu epo jù. Ilé iṣẹ́ Belarus ti ṣe irú rẹ̀, 3023. Ní 2019, John Deere náà fi eAutoPowr hàn, tó fi ẹ̀rọ iná sínú jíà. Ọ̀nà yìí la rò pé iná máa gbà wọ katakata ńlá. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, iṣẹ́ inú rẹ̀ sì pọ̀. Katakata 2,000 tí Ààrẹ Tinubu fi lọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2025, tí wọ́n rà láti Belarus, dísù ni wọ́n ń mu.

Àwa ọlọ́jà páàtì àti ẹ̀yin mẹkáníìkì

Katakata bátìrì kò ní nọ́sù, kò ní fílítà epo, kò ní písítìnì àti rínnì. Táyà, bíárínnì àti dísíkì ìtúlẹ̀ kò ní kúrò lọ́jà. Kí ọmọṣẹ́ yín kọ́ iṣẹ́ sólà àti ínfátà mọ́ ti ẹ́ńjìnì láti ìsinsìnyí. Bátìrì katakata kì í ṣe bátìrì mọ́tò o, iná inú rẹ̀ lè pa èèyàn.

Kí ẹgbẹ́ tó dáwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á:

- Yúnìtì mélòó ni bátìrì gbà, wákàtí mélòó ló sì máa fi túlẹ̀, kì í ṣe èyí tó fi ń rìn lásán?
- Ọdún mélòó ni wàràńtì bátìrì, ta ló sì máa tún un ṣe ní ìpínlẹ̀ tí a wà?
- Kí ló ń tu bátìrì lára nígbà ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin? Ooru ń tètè gbó bátìrì.
- Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ lórí oko wa níṣojú wa kí a tó sanwó?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má kówó ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi katakata ńlá háyà, kó ṣì tọ́jú èyí tó ń lo dísù dáadáa. Ẹni tó ní fàdámà kékeré ló lè kọ́kọ́ fi iná dán an wò.