Ọjọ́ Tí Ìfúnpá Ààrẹ Lé ní 300

Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945 tó mọ́, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Franklin Roosevelt ti ń gòkè. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn ọjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ayé gbọ́ nírọ̀lẹ́ ni pé ààrẹ Amẹ́ríkà ṣubú, ó sì kú, lójijì. Ní 1935, 136/78 ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ní 1937, ó ti di 162/98. Ní oṣù kejì ọdún 1941, ó dé 188/105. Òǹkà àkọ́kọ́ ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde; èkejì ni èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkàn bá sinmi kó tó tún fún òmíràn. Lónìí, bí ti àkọ́kọ́ bá ń tó 140 tàbí tí èkejì bá ń tó 90 léraléra, dókítà á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé.

Warm Springs ni ààrẹ wà, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń sun láti abẹ́ òkè. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tó kọlù ú ní 1921 ló gbé e débẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ní 1924. Ẹsẹ̀ tí kò ṣeé fi rìn lórí ilẹ̀ mọ́ ń ṣeé mì nínú omi yẹn. Ó kọ́ ilé pákó kan síbẹ̀ ní 1932, ó sì máa ń sá lọ síbẹ̀ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ 30 oṣù kẹta ló dé. Ẹni ọdún 63 ni. Àwọn tó lọ pàdé rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ojú irin rí i pé ó ti joro.

Aago 9:20 àárọ̀. Dókítà Howard Bruenn wọ yàrá rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ààrẹ ní òun sùn dáadáa. Orí kàn ń fọ́ òun díẹ̀ ni, ọrùn òun sì le; ó ní iṣan ló ń ro òun. Wọ́n bá a fọwọ́ ra ọrùn náà, ara tù ú, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Nílé wa, Aboniki tàbí Robb là bá fi pa á, ká sì sọ fún un pé iṣẹ́ ló ti ṣe jù. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọrùn tó le lè jẹ́ ti ìrọ̀rí tí kò dáa, orí fífọ́ díẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n rárá: wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jó lóde àríyá, wọ́n ń gun òkè Olúmọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá nìkan ló lè tú u fó. Ẹ̀rọ yẹn sì ti ń tú ti Roosevelt fó: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó lò ní Warm Springs, ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sókè sódò láti 170/88 dé 240/130.

Bruenn mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1944 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ààrẹ wá bá a nílé ìwòsàn àwọn ológun ojú omi ní Bethesda, nítorí ikọ́ kan tí kò lọ bọ̀rọ̀. Ohun tó rí bà á lẹ́rù. Ọkàn ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, omi ti ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró, ìfúnpá jẹ́ 186/108, ọkàn kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀ yíká ara bó ṣe tọ́ mọ́. Ross McIntire, dókítà tó ń tọ́jú ààrẹ láti ọdún 1933, ti ń sọ fáwọn oníròyìn pé ara ọ̀gá òun le. Imú àti ọ̀fun ni McIntire kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Imú àti ọ̀fun ni ó sì ń wò.

Bruenn ní kí ààrẹ dùbúlẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Wọ́n dá a lóhùn pé ogun wà nílẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbà fún un pé kó máa lo dijitálì, oògùn tí wọ́n ń fi ewé ṣe, tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, kí iyọ̀ dín kù nínú oúnjẹ, kí sìgá, tó ń tó páálí kan lójúmọ́, di mélòó kan péré, kó fọn, kó sì tètè máa fiṣẹ́ sílẹ̀. Láìpẹ́, ọkàn rí ìrọ̀rùn, ikọ́ rọ̀, ó ń rí oorun sùn. Ìfúnpá nìkan ni kò gbọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ààrẹ kò béèrè. Bruenn ń so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lójoojúmọ́, ó ń fún un ní oògùn, kò sì fìgbà kan bi í pé kí lèyí, èló ni ìfúnpá mi. Ọkùnrin tó mọ iye ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú tí ilẹ̀ rẹ̀ ń kọ́ kò mọ òǹkà tó wà lára òun fúnra rẹ̀. Bruenn náà kò sì lè dá a sọ, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe tún dìbò yàn án lẹ́ẹ̀kẹrin ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, tí ó sì rìnrìn àjò lọ sí Yalta ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e láti bá Churchill àti Stalin pín ayé. Àwòrán tí wọ́n yà níbẹ̀ gbajúmọ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tó jókòó síwájú kámẹ́rà yẹn, kò sẹ́ni tí ẹ̀gbà tó wá láti inú ọpọlọ kò pa: Roosevelt ní 1945, Stalin ní 1953, Churchill ní 1965.

Àárọ̀ yẹn fà díẹ̀, nítorí ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé lẹ́tà bọ̀ láti Washington tètè dé. Nǹkan bí ọ̀sán ni àpò ìwé wọlé. Ààrẹ wọ kóòtù aláwọ̀ eérú àti táì pupa, ó jókòó sórí àga aláwọ ní pálọ̀. William Hassett, akọ̀wé rẹ̀, ń gbé ìwé síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ sí wọn, Hassett sì ń tẹ́ wọn káàkiri orí àga kí tàdáwà lè gbẹ. Nígbà tó kan ìwé òfin kan, ààrẹ fi ṣàwàdà fáwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pé, ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Ara rẹ̀ yá. Daisy Suckley àti Laura Delano, ìbátan rẹ̀ méjèèjì, wà níbẹ̀. Lucy Rutherfurd wà níbẹ̀ pẹ̀lú, obìnrin tí ìyàwó ààrẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àti Elizabeth Shoumatoff, ayàwòrán tí Lucy mú wá. Shoumatoff fi aṣọ ìborùn àwọn ológun ojú omi bò ó léjìká, ó ń ya ojú rẹ̀.

Aago 1:00. Ọmọkùnrin ará Fílípìnì tó ń ṣètò tábìlì ń kó àwo. Nínú ilé ìdáná, Daisy Bonner, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó máa ń se oúnjẹ fún ààrẹ nílé yẹn, ń se wàràkàṣì àti ẹyin pọ̀, oúnjẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ bó bá ṣe ń jáde nínú ààrò. Ààrẹ wo aago, ó sọ fún ayàwòrán pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn yóò fi ṣiṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń retí rẹ̀ níbi àsè kan tí olórí ìlú náà pè é sí.

Aago 1:15. Ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí. Suckley rò pé sìgá ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá, ó dìde lọ bá a. Ó sọ fún un pé ẹ̀yìn orí ń dun òun gidigidi. Lẹ́yìn náà orí rẹ̀ yẹ̀ síwájú. Arthur Prettyman, tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, àti ọmọkùnrin tó ń tẹ́ tábìlì, gbé e wọ yàrá. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ibi odò ìwẹ̀ ni wọ́n ti pe Bruenn. Ó débẹ̀ ní aago 1:30. Ó bá a tí ara rẹ̀ tutù, tí òógùn ń bọ̀ ní gbogbo ara, tí kò mọ ẹnì kankan mọ́. Ó wọn ìfúnpá: ó lé ní 300, tìsàlẹ̀ jẹ́ 190. Láìpẹ́, ẹyinjú ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ, Bruenn sì mọ̀ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà síbẹ̀.

Iṣan kì í bẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀sán kan. Rọ́bà tó ń fa omi lọ sórí táǹkì, tí wọn kò pa pọ́ńpù rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, kò ní dúró bí wọ́n ṣe rà á. Àwọn iṣan tín-ín-tín-ín inú ọpọlọ máa ń le, ògiri wọn máa ń nípọn níbì kan, á rọ níbòmíràn. Ọkàn náà kò ní yọ sílẹ̀: iṣan ara rẹ̀ máa ń ki sí i nítorí ẹrù tó ń tì, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kíndìnrín àti ojú ń jẹ nínú ìyà kan náà.

Bruenn ṣí àpò rẹ̀. Papaverine ló ní, àti amyl nitrite, oògùn tó ń tú iṣan sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fún un ní méjèèjì. Ibí yìí ni kí n ti sọ ọ́: kò sí oògùn gidi fún ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dún náà, fún ààrẹ tàbí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ gbà pé ara nílò ìfúnpá tó ga kí ẹ̀jẹ̀ lè gba inú iṣan tó ti le kọjá, pé ẹni tó bá fà á wálẹ̀ ń ṣe ìpalára ni. Àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ tó le koko, tàbí kí aláìsàn máa jẹ ìrẹsì àti èso nìkan láìsí iyọ̀. Ọdún 1958 ni chlorothiazide jáde, oògùn tó ń mú ìtọ̀ gbé iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù lọ, tí ó sì rọrùn láti lò. Ìdílé rẹ̀ wà nínú Moduretic tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa mọ̀ bí ẹní mowó. Ẹni tó lọ wọn ìfúnpá ní Mókọ́lá lónìí ní ohun tí ọkùnrin tó lágbára jù láyé kò ní ní 1945, ìyẹn bí kò bá dá oògùn náà dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nítorí pé ara òun ti yá. Ara rẹ̀ kò kúkú fìgbà kan dùn ún tẹ́lẹ̀.

Aago 2:05 ni Bruenn bá McIntire sọ̀rọ̀ lórí fóònù. McIntire pe Dókítà James Paullin ní Atlanta pé kó sáré máa lọ. Lucy àti ayàwòrán ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n sì ti kúrò. Aago 2:45, ìfúnpá jẹ́ 240/120. Aago 3:15, 210/110. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ó dà bíi pé ó ń sàn, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ń há, ó ń hanrun, gbogbo ilé ń gbọ́ ọ. Paullin sáré wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mélòó kan kó dópin. Aago 3:31, èémí dúró. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ sínú ọkàn. Aago 3:35, Bruenn kéde pé ó ti kú.

Wákàtí kan ni aago Washington fi ṣáájú ti Warm Springs. Wọ́n ti sọ fún Eleanor Roosevelt lọ́sàn-án pé ọkọ rẹ̀ dákú, McIntire sì ní kó má fagi lé òde tó ń lọ, kí àwọn èèyàn má baà fura. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pè é wálé. Òun ló sọ fún Harry Truman, igbákejì ààrẹ. Aago 5:47 ìrọ̀lẹ́ ni ìròyìn náà jáde, aago 7:09 ni Truman búra. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 1948, Truman fọwọ́ sí òfin ìwádìí àrùn ọkàn, lọ́dún kan náà tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé 5,209 ènìyàn ní ìlú Framingham láti mọ ohun tó ń ba ọkàn jẹ́. Nínú ìwádìí yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti di ẹ̀sùn tí a kò lè jiyàn rẹ̀ mọ́.

McIntire sọ fáwọn oníròyìn pé kò sí ohun tó fi hàn tẹ́lẹ̀ pé irú rẹ̀ ń bọ̀, pé ó kàn já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run ni. Nígbà tí wọ́n wá fáìlì ìlera ààrẹ ní Bethesda, kò sí níbẹ̀, wọn kò sì rí i títí dòní. Ṣùgbọ́n Bruenn ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ nǹkan sí. Ó dákẹ́ fún ọdún 25. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pẹ̀lú ọjọ́ àti òǹkà ìfúnpá, láti 136/78 ti ọdún 1935 títí dé ti ọ̀sán yẹn.