Ẹni Tó Dúró sí Ìkẹ́nnẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, ẹnikẹ́ni nílé wa ní Ṣágámù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù màmá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Leeds ló máa ń pè lásìkò yẹn. Màmá á ti gbé awò wọn sójú, wọ́n á ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa díẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í yí padà: "Kí lo jẹ?" Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á yí fóònù sí ìkòkò tó wà lórí iná kí Màmá lè fojú ara wọn rí i. Bí ìpè bá já, Màmá á ṣì di fóònù yẹn mú fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀.

Táwa ọ̀dọ́ bá ń sọ̀rọ̀ jápa, ẹni tó lọ la máa ń sọ ìtàn rẹ̀: físà, tíkẹ́ẹ̀tì, òtútù, iṣẹ́ òru. Ẹni tó di fóònù mú nílé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ọkàn mi lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí wa rárá, sọ́dọ̀ obìnrin méjì kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ àkọ́kọ́, torí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. Kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí London ní 1944 láti kọ́ ìmọ̀ òfin, wọ́n ti ṣe tíṣà, wọ́n ti ṣe oníròyìn, wọ́n ti ra kòkó tà, wọ́n sì ti jẹ gbèsè. Ẹni ọdún 35 ni wọ́n, wọ́n ti níyàwó, wọ́n ti bímọ.

Ẹ tún wo irú ìgbà tí wọ́n lọ. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì parí. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ń já lu London. Oúnjẹ gan-an, ìjọba ló ń wọ̀n ọ́n fún aráàlú. Kò sí WhatsApp, lẹ́tà ni. Nígbà tí kò sógun pàápàá, ọkọ̀ ojú omi máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì láàárín Èkó sí Liverpool. Tí ìyàwó bá fi lẹ́tà béèrè pé "Kí lẹ jẹ?", kí èsì tó padà dé, ọkọ á ti jẹ oúnjẹ oṣù kan.

Ìyàwó náà ni Hannah Ìdòwú Dídéolú, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bíi tọkọ wọn. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1937 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Nígbà tọ́kọ̀ gbé ọkọ wọn lọ, wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 29. Àwọn ọmọ kéékèèké wà lọ́wọ́. Òwò oúnjẹ ni wọ́n fi gbé ilé ró. Ìgbà tó yá ni òwò aṣọ àti tábà sọ wọ́n di gbajúmọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1946, wọ́n gba Awólọ́wọ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní Inner Temple. Orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ìwé ẹ̀rí yẹn. Lójú tèmi, iṣẹ́ èèyàn méjì ni, ọ̀kan wà ní London, ìkejì ń nájà.

Àwọn tó wà lọ́hùn-ún náà ò gbàgbé ilé o. London ni Awólọ́wọ̀ àtàwọn ọmọ Yorùbá mìíràn ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945, inú rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti jáde ní 1951. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí àwọn ará wa ní òkè òkun ṣe máa ń kóra jọ nítorí àárò ilé, tí wọ́n á se jọ̀lọ́ọ̀fù, tí wọ́n á ní kí gbogbo ayé wọ ankò? Èmi ò rò pé ó yàtọ̀ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ padà dé, ṣùgbọ́n ìdúródè ò tán. Ní oṣù Keje ọdún 1963, ọmọkùnrin wọn àgbà, Olúṣẹ́gun, tóun náà ti lọ kàwé òfin nílùú Ọba tó sì ti padà wálé, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ nígbà náà, wọ́n ti fi wọ́n sí àhámọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ rán wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Wọ́n gbé wọn lọ sí Kàlàbá, oṣù Kẹjọ ọdún 1966 ni wọ́n sì tó dá wọn sílẹ̀. Fún Màmá, ó dá mi lójú pé Kàlàbá jìnnà ju London lọ.

Obìnrin kejì ò ṣe bẹ́ẹ̀ rìn. Òun ni ìrìn àjò gbé wá.

Nígbà ogun kan náà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ mìíràn, Táì Ṣólàrìn, wọṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, ó kàwé ní Manchester àti London. Ní 1951, ó fẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Sheila Mary Tuer, wọ́n sì wá sí Nàìjíríà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ìjọba ní àdúgbò tiwọn tí wọ́n ń gbé, ìjọba ló sì ń sanwó ọkọ̀ wọn tí wọ́n bá fẹ́ lọ sinmi nílé. 'Expat' ni wọ́n ń pe irú wọn. (Táwa bá lọ sọ́dọ̀ wọn, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè wá, àmọ́ mi ò fẹ́ jà lónìí.) Sheila ò bá tìjọba wá. Ìyàwó ilé ni, ìyàwó tíṣà tó máa tó fiṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé sílẹ̀ ní Mólúsì, Ìjẹ̀bú-Igbó, kó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1956 ni wọ́n ṣí ilé ìwé náà ní Ìkẹ́nnẹ́. Mayflower ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọkọ̀ tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, àwọn tó lọ tẹ̀dó, tí kì í ṣe àbẹ̀wò. Mi ò lè gbọ́ orúkọ yẹn kí n má rántí Sheila. Ó kọ́ni níbẹ̀, ó tọ́mọ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ti Táì mọ́lé ní 1984, Ìkẹ́nnẹ́ náà ló wà.

Táì kú ní 1994. Bàálù ń gbéra ní Ìkẹjà lójoojúmọ́, ọ̀nà ilé ò dí. Ìyá Ṣólàrìn ò lọ. Ọdún 18 ni wọ́n tún lò lẹ́yìn ọkọ wọn, kí wọ́n tó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, Màmá Awólọ́wọ̀ náà tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá tí wọn ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n sin wọ́n, ní Ìkẹ́nnẹ́.

Mo sọ ìtàn yìí fún màmá mi lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, bá a ṣe ń retí ìpè. Ti Awólọ́wọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dé orí Sheila, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Ìyá tiẹ̀ ńkọ́, lọ́hùn-ún? Ta ló ń sọ ohun tọ́mọ ẹ̀ jẹ fún un?"

Fóònù dún kí n tó lanu.