Ta Ni Rìmóòtù Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ìtàn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àti Ẹranko Tó Ń Di Róbọ́ọ̀tì

Ìyá ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ èyí kì í wo kátúùnù mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dárúkọ Voltron létí wọn lọ́jọ́ kan, ńṣe ni wọ́n fi ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn kìnnìún náà lórí ìka: dúdú, pupa, búlúù, gíríìnì, yẹ́lò. Wọ́n ní orí NTA làwọn ti ń wò ó nígbà táwọn wà ní pírámárì, àti pé nínú márààrún, èyí tí ọmọbìnrin ń wà ni tàwọn. A bi wọ́n pé, "Mọ́mì, báwo lọmọbìnrin yẹn ṣe dénú kìnnìún?" Wọ́n ní àwọn ò rántí.

Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Kí Voltron tó di ti Amẹ́ríkà ní 1984, GoLion lorúkọ rẹ̀ ní Japan, ilé iṣẹ́ Toei ló sì gbé e jáde ní 1981. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shirogane ló ń wa kìnnìún búlúù níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa á. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Fala, ọmọ ọba, tó bọ́ sí ipò rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó tún eré náà ṣe rò pé ikú ti wúwo jù fún ọmọdé, wọ́n ní ilé ìwòsàn ni ọkùnrin náà lọ. Bó ti wù kó rí, àga ẹlòmíràn lọmọbìnrin náà jókòó lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Ìgbà wo ni ọmọbìnrin tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ní ẹranko-róbọ́ọ̀tì tirẹ̀, tí kì í ṣe ogún ọkùnrin tó kú tàbí tó ṣàìsàn? Ọ̀pọ̀ yín ti mọ èyí tí a fẹ́ dárúkọ: Magic Knight Rayearth. Ṣùgbọ́n a ò lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú Kobe ni ìtàn náà ti ṣẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mitsuteru Yokoyama.

Ọdún 1934 ni wọ́n bí Yokoyama sí Kobe. Ọmọdé ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fojú rí ohun tí bọ́ǹbù àwọn ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fi ìlú rẹ̀ ṣe. Ní 1956 ó bẹ̀rẹ̀ máńgà kan tó pè ní Tetsujin 28. Róbọ́ọ̀tì ńlá ni Tetsujin, àwọn ọmọ ogun Japan ló ní kí wọ́n ṣe é láti fi jagun. Ogun parí, ohun ìjà ṣẹ́ kù, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin kékeré kan, Shotaro. Tetsujin kò ní ọkàn, kò sì sí ẹni tó ń wọ inú rẹ̀. Rìmóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn nìyí: ẹni tó bá di rìmóòtù mú ló ni ín. Bí olè bá já a gbà, Tetsujin á máa jà fún olè, pẹ̀lú agbára kan náà tó fi jà fún ọmọ náà lánàá. Ẹni tó bá rántí ibi tí Yokoyama gbé dàgbà á mọ̀ pé kì í ṣe eré lásán ló ń ṣe.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1966, ọkùnrin yìí kan náà kọ Mahōtsukai Sally sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn ọmọbìnrin, Toei sì gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Sally jẹ́ ọmọ ọba ìlú idán tó wá gbé láàrin àwa èèyàn, tó ń lọ sílé ìwé, tó ń fi agbára rẹ̀ pamọ́. Sally yìí ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ nínú ánímè àwọn ọmọbìnrin onídán, láti orí rẹ̀ títí dé Sailor Moon. Ẹ dákun, ẹ tún un kà: ẹni tó bí róbọ́ọ̀tì ńlá tí ọmọdé ń darí, òun náà ló bí ọmọbìnrin onídán. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa rí. Nígbà tí a rí i, a kọ́kọ́ rò pé orúkọ ló jọra.

Láti ibẹ̀ ni odò kan ti pín sí méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin.

Nínú odò àwọn ọmọkùnrin, Go Nagai ju rìmóòtù nù. Nínú Mazinger Z rẹ̀, tó dé orí tẹlifíṣọ̀n ní 1972, Koji Kabuto wọ inú orí róbọ́ọ̀tì lọ, ó ń wà á bí ẹni ń wa mọ́tò. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣe é sílẹ̀ fún un, ó sì kìlọ̀ fún un kí ó tó kú pé pẹ̀lú agbára yìí ó lè di ọlọ́run, ó sì lè di ẹbọra burúkú. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Sayaka, tó ní róbọ́ọ̀tì tirẹ̀, Aphrodite A. Ọmú róbọ́ọ̀tì náà ni ọta rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á dáadáa. Kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń nà án kí Koji tó dé. Ní 1974 ni ilé iṣẹ́ Popy mú róbọ́ọ̀tì onírin kékeré jáde fún títà, wọ́n pè é ní Chōgōkin, láti ìgbà náà ni ẹni tó ń ta ohun ìṣeré sì ti ń bá òǹkọ̀wé jókòó sídìí tábìlì kan náà.

Nínú odò àwọn ọmọbìnrin, dígí ni agbára ń gbé. Akko-chan ní 1969 ní dígí kékeré tó ń sọ ọ́ di ohunkóhun, dígí náà sì di ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà. Ní 1982, Minky Momo ní ọ̀pá idán àti ẹranko mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé e, ajá, ọ̀bọ àti ẹyẹ, bíi ti Momotarō inú àlọ́ wọn. Nígbà tí ẹni tó ń fi ohun ìṣeré ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣe eré náà jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù pa Momo. Ohun ìṣeré lọkọ̀ ọ̀hún kó. Àbí ẹ tún fẹ́ ká ṣàlàyé òwe?

Sailor Moon dé ní 1992 nínú Nakayoshi, ìwé àwọn ọmọbìnrin, ó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún kan náà. Naoko Takeuchi kó àwọn ọmọbìnrin jọ ní ẹgbẹ́ bí jagunjagun, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, èyí tó jẹ́ àṣà eré àwọn ọmọkùnrin tẹ́lẹ̀. Ológbò tó ń sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Róbọ́ọ̀tì ni kò sí.

Nínú Nakayoshi yìí náà, ní ìparí 1993, ni CLAMP ti bẹ̀rẹ̀ Magic Knight Rayearth. CLAMP kì í ṣe ẹnì kan. Obìnrin mẹ́rin ni: Ohkawa, Mokona, Nekoi àti Igarashi. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ju mẹ́wàá lọ nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń fúnra wọn tẹ ìwé wọn. (Àwa tí a jọ ń kọ nǹkan lábẹ́ "àwa" kan ṣoṣo, tí a sì ń jà lórí kọ́mà, fẹ́ràn wọn tọkàntọkàn.) Ánímè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 1994, ó parí ní oṣù Kọkànlá 1995, apá 49.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mẹ́ta, Hikaru, Umi àti Fuu, wá sí Tokyo Tower láti ilé ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn ò mọ ara wọn. Ohùn kan pè wọ́n, ìmọ́lẹ̀ gbé wọn, wọ́n bá ara wọn ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Cephiro. Orúkọ mọ́tò Nissan ni Cephiro, Presea náà bẹ́ẹ̀, Emeraude sì jẹ́ ti Mitsubishi. Bí ẹni pé àwa kọ ìtàn lónìí tí olorì wa ń jẹ́ Síẹ́nà, tí alágbẹ̀dẹ wa ń jẹ́ Kámúrì. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, ó bá etí mu lọ́dọ̀ wọn.

Ní Cephiro, wọ́n ní kí wọ́n lọ jí mashin mẹ́ta. Ẹranko làwọn wọ̀nyí nígbà tí a kọ́kọ́ rí wọn: Rayearth onírùn iná, Selece tó jẹ́ dírágónì inú omi, Windam tó jẹ́ ẹyẹ. Wọ́n máa ń di róbọ́ọ̀tì ńlá tó wọ ìhámọ́ra. Kò sí bàbá tó ṣe wọ́n, kò sì sí rìmóòtù. Ẹranko náà ló ń wo ọkàn ọmọ, ló ń pinnu bóyá òun á gbà á. Selece ò yọjú sí Umi àfìgbà tí Umi múra tán láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ti ẹlòmíràn. Bí ọmọ bá sì ti wọlé, kò sí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ níbẹ̀. Bó bá ṣe gbé ọwọ́ ni róbọ́ọ̀tì ń gbé ọwọ́.

Hikaru ní ajá kan nílé, Hikari lorúkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ara wọn gan-an. Nígbà tí wọ́n dé orísun Eterna láti wá ohun tí wọ́n máa fi rọ idà, Hikari ló yọ sí Hikaru láti bá a jà. Ó mọ̀ pé òjìji ni, síbẹ̀ ó dun ún láti gbé ọwọ́ sókè sí i. Ọ̀kan nínú wa tó ní ajá nílé ní òun dá fóònù dúró níbẹ̀, òun ò padà sí i títí di ọjọ́ kejì.

Ibi tí àwa gan-an ti jà ni orí ọ̀rọ̀ náà, mashin. Bí a bá gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ni a gbọ́. Àwọn àgbà kan níbí ṣì ń pe alùpùpù ní máṣíìnì. CLAMP mọ̀ pé a máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì méjì ni wọ́n fi kọ ọ́: àkọ́kọ́ dúró fún agbára àìrí tó ń bani lẹ́rù, èkejì dúró fún òrìṣà. Àmì àkọ́kọ́ yẹn wà nínú Mahōtsukai, orúkọ Sally. Àmì méjèèjì ló sì wà nínú majin, ọ̀rọ̀ tí Go Nagai ti yọ orúkọ Mazinger. Odò méjèèjì ló ṣàn wọ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Báwo la ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá? Ẹnì kan dábàá "ẹ̀ṣù" pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, a sì pariwo mọ́ ọn. Gbogbo ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì ìtumọ̀ ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì fi Èṣù rọ́pò ọ̀tá Ọlọ́run. Títí dòní ni òrìṣà náà ń jẹ̀bi ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹlòmíràn ní àǹjọ̀nnú. Ẹlòmíràn ní ẹbọra, èyí tí púpọ̀ nínú wa fara mọ́, nítorí pé ẹbọra lè ṣe rere, ó lè ṣe ibi, kò sì sí ẹni tó lè fi í sápò. Ṣùgbọ́n ẹbọra pa ìró ẹ̀rọ inú rẹ̀ run. Ní báyìí ná, "mashin" la fi í sílẹ̀ sí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ òpin apá kìíní, kí ó dúró níbí.

Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà pé Zagato, àlùfáà, ti àwọn Emeraude ọmọ ọba mọ́lé. Emeraude ni Òpó Cephiro: àdúrà rẹ̀ ló gbé ilẹ̀ náà ró. Wọ́n jà, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n pa Zagato. Nígbà náà ni Emeraude jáde, tó ń sunkún, tó dojú ìjà kọ wọ́n. Ó fẹ́ràn Zagato. Òpó kò gbọdọ̀ fẹ́ràn ẹnì kan ju ayé tó gbé ró lọ, kò lè pa ara rẹ̀, kò sì sí ọmọ Cephiro tó lè pa á. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe àwọn àlejò: kí wọ́n lè wá pa òun. Wọ́n pa á. Wọ́n bá ara wọn padà ní Tokyo Tower, nínú yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ń sunkún láàrin àwọn èèyàn tí kò mọ nǹkan kan.

Ọmọdébìnrin ni àwọn tó ń ra Nakayoshi. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìwà ìkà ni irú òpin bẹ́ẹ̀. A ò gbà. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni Tetsujin. Ní gbogbo àkókò tí a rò pé àwọn ọmọ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rìmóòtù, tí ẹranko ń fi ìfẹ́ gbà wọ́n, àwọn fúnra wọn ni ohun ìjà. Ẹlòmíràn ló di rìmóòtù mú láti Cephiro, ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dìde. Ó kàn jẹ́ pé Tetsujin kò ní ọkàn tó lè bàjẹ́. Àwọn yìí ní in.

Apá kejì gùn jù lójú wa, ọ̀tá rẹ̀ kò sì jinlẹ̀ tó Emeraude. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí a ń retí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lọ. Ipò Òpó kan Hikaru, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kí òun náà wá jókòó sórí àga olóògbé bíi ti Fala. Ó gbà á fún ìwọ̀n ìgbà tó fi lè pa ipò náà rẹ́.

A ti sọ èyí fún Mọ́mì. Wọ́n bi wá bóyá ó wà níbi tí wọ́n ti lè wò ó, wọ́n sì ní kí a má sọ èyí tó kù.