Lẹ́tà Rìbìtì àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà ní Sabon Gari, Kánò

Ìtumọ̀ Sabon Gari lédè Hausa ni 'ìlú tuntun'. Ní 1911 ni ojú irin tó gbéra láti Èkó dé Kánò. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ìjọba amúnisìn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tó wá láti gúúsù. Àwọn Yorùbá wà lára wọn. Yoruba Road ni orúkọ òpópónà kan níbẹ̀. Níbi tí ẹ̀yà púpọ̀ ti ń tajà pọ̀, orúkọ ara pátákó ni ọlọ́jà fi ń pe oníbàárà, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fa ojú mọ́ra.

Lára lẹ́tà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni lẹ́tà rìbìtì: ó sanra, igun rẹ̀ kò mú, ó sì dà bí ohun ìṣeré. Ìlúmọ̀ọ́ká nínú wọn ni Cooper Black, tí Oswald Cooper yà, tí ilé iṣẹ́ Barnhart Brothers & Spindler gbé jáde ní Chicago ní 1922. Àwo orin àti ìpolówó láàrin 1960 sí 1979 lò ó púpọ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń múni rántí ayé ìgbà náà.

Ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ó sì kán ọ̀dà sí abẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ọ̀ràn yí padà nígbà tí Letraset jáde ní nǹkan bí 1961, ìyẹn ìwé pẹlẹbẹ tí a ń ra ẹ̀yìn rẹ̀ kí lẹ́tà ara rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ pépà. Èyí tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀pọ̀ lẹ́tà àfiṣọ̀ṣọ́ jogún àbùkù yìí.

Bẹ́ẹ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìpàdé tó wáyé ní Èkó ní 1875 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 náà kò yọ ọ́ kúrò. Bí a bá kọ OLA sára ṣọ́ọ̀bù, ṣé ọlá ni, àbí ọlà, àbí ọ̀la? Bí OKO bá wà lára òmíràn, ṣé ọkọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń tà, àbí ọkọ̀? Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn Hausa tó ni ìlú pẹ̀lú: ƙasa ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n kasa ni kí nǹkan kùnà.

Ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ya lẹ́tà. Lẹ́tà rìbìtì sanra, ìlà rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ra, débi pé àmì abẹ́ lè kọlu orí lẹ́tà ìlà kejì. Ayàwòrán ní láti fi àyè sílẹ̀ fún un, kí ó sì mọ ibi tí àmì ohùn yóò jókòó sí lórí ọ̀ àti ẹ́.

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè ka pátákó ọjà mọ́ ohun tí àkọtọ́ kàn, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń ya lẹ́tà ṣiṣẹ́ pọ̀, kí orúkọ Yorùbá tó rìn dé Kánò má baà pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ síbẹ̀.