Kámẹ́rà Jáde Sí Ojú Pópó Èkó

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, arómi-sá-lẹ̀gbẹ́-lẹ̀gbẹ́, ti wà níwájú kámẹ́rà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí àwọn ará ìlú náà ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń nájà, tí wọ́n sì ń bá ara wọn ṣàwàdà láyé ọjọ́un, yóò tú àpótí fọ́tò àwọn bàbá wa títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kìkì ẹni tí ó jókòó, tí ó wọ aṣọ iyì, tí ó tẹjú mọ́ni láìrẹ́rìn-ín, ni yóò sì máa bá pàdé níbẹ̀.

Kì í ṣe àìsí ayàwòrán ló fà á. George S. A. Da Costa, ọmọ Èkó tí a bí ní 1853, ṣe alábòójútó ilé ìtàwé ẹgbẹ́ míṣọ́nárì C.M.S. títí di 1895 kí ó tó dojú kọ iṣẹ́ fọ́tò. Nígbà tí ó sì di 1896, N. Walwin Holm ti ilẹ̀ Gold Coast dé, òun náà ṣí sítúdíò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ìgbà náà wúwo, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni a ń gbé e lé, awo gíláàsì ni a ń tì bọ inú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń yára kọjá níwájú rẹ̀ lè má hàn ju òjìji lọ.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ti irinṣẹ́ lọ, èmi sì gbà pé òun ni ìdí gan-an. Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀: ẹni tí yóò fi owó rẹ̀ ya àwòrán kan ṣoṣo, èyí tí yóò gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ yóò máa wò nígbà tí òun bá ti di ará ọ̀run, kò jẹ́ fi aṣọ iṣẹ́ àti òógùn iwájú yà á. Àgbàlagbà a jókòó, a ya orúnkún kí agbádá lè tẹ́, a gbé ọwọ́ lé itan, a kọjú sí kámẹ́rà gán-an, ayàwòrán a sì rí i pé gbogbo ara rẹ̀ wọlé láti fìlà dé bàtà. Agbára àwòrán yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ ọ̀ràn ìbejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ṣaláìsí kí a tó yà wọ́n pọ̀, àwọn ayàwòrán kan nílẹ̀ Yorùbá a ya èyí tí ó kù, wọn a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọn a pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ náà, wọn a tún un yà. Ta ni yóò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí yóò máa fi fíìmù ṣòfò lórí ẹni tí ń mu ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà?

Àwọn oníwèé ìròyìn gbé kámẹ́rà jáde. Peter Obe ti Daily Times ya ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, ó sì kó àwòrán rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1971. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ ni oníròyìn ń lépa. Ìyá tí ń ka ṣéńjì lórí àtẹ kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀.

J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní ilẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn ìjọba ní Ìbàdàn kí ó tó dé Èkó ní 1963, sún mọ́ ìgbé ayé ojoojúmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, èyí tí ó bá rí lójú títì, ní ọ́fíìsì, níbi àríyá, títí àwòrán náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún: ṣùkú, onílé-gogoro, dídì àti kíkó, ẹ̀yìn orí ni ó sì sábà máa ń yà. Síbẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn wọn, ẹ ó rí i pé ògiri lásán ló pọ̀ níbẹ̀. Ojeikere gba òpópónà lálejò, ṣùgbọ́n ó ní kí ó nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ná.

Ẹni tí ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin Èkó já ni Akinbode Akinbiyi, tí a bí ní Oxford ní 1946, tí ó sì fi Berlin ṣe ibùgbé. Rolleiflex ni kámẹ́rà rẹ̀. Ní ipele àyà ni a ti ń wò ó, ojú ayàwòrán a sì wà nílẹ̀, kò sí ohun tí a nà sójú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń lọ sí etíkun Bar Beach, níbi tí ó ti ya àwọn aláṣọ funfun tí ń gbàdúrà létí omi, ó sì sọ àkójọ náà ní Sea Never Dry. Iyanrìn ìlú tuntun Eko Atlantic ti bo etíkun yẹn báyìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó múra fún fọ́tò níbẹ̀ nígbà tí Akinbiyi ń yà wọ́n. Èyí gan-an ni mo fi ka àwòrán wọ̀nyí sí ìtàn.

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, òpópónà kò sì ní ibi ìsápamọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé tiyín sókè sí ìyá ẹlẹ́pà kan ní Ìdúmọ̀tà, kí ẹ wò ó bí kò ní sọ pé, “Ẹ dúró ná,” tí yóò fi owó pa mọ́, tí yóò tún gèlè wé, tí yóò jókòó dáadáa, tí yóò sì kọjú sí yín gán-an. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì tún yà á nígbà tí ó bá padà sí ẹ̀pà rẹ̀, bí ó bá gbà fún yín.