Kòkòrò Gbé Kòkòrò

Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ọ́ fún àgbẹ̀ ní Yorùbá pé kòkòrò kan ló ń gbé kòkòrò wọ inú tòmátì. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín yín. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe ohun tó níyẹ̀ẹ́ tó ń fò àti ohun tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí a pe HIV ní kòkòrò apa sójà ara, kò sí wàhálà. Ta ni yóò wá ìyẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀? Lóko, kòkòrò gan-an ló ń bà sórí ewé.

Ní 2016, tòmátì run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì lóṣù Karùn-ún. "Ebola tòmátì" ni wọ́n pè é. Irọ́ ni orúkọ yẹn pa. Àfòpiná kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, Tuta absoluta, ló yé ẹyin sórí ewé, ìdin rẹ̀ sì ń gbẹ́ inú ewé àti èso jẹ. Ìdin yẹn ni ọ̀tá; kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Àrùn ewé-kákò, tó ń mú ewé tòmátì ká kò, kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tíntín kan, funfun bí ẹni da ẹfun sí i lára, ń sá pamọ́ sẹ́yìn ewé, ó ń fa omi rẹ̀ mu. Inú itọ́ rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì wà. Bí a pa gbogbo kòkòrò yẹn tán lónìí, igi tó ti kó àrùn kò ní san. Fífà tu ló kù. N kò ní pè é ní eṣinṣin funfun bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é (whitefly), torí kì í ṣe ìbátan eṣinṣin rárá. Ẹlẹ́fun ni orúkọ tí mo fún un.

Orúkọ iṣẹ́ tó ń ṣe ńkọ́, ti gbígbé àrùn kiri? "Agbárùnkiri" kò burú, àmọ́ ó dún bí orúkọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Alábàárù ló wù mí: ẹrù kì í ṣe tirẹ̀, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tún jẹ́ kí àlàyé lè tẹ̀ síwájú. Ẹrù ẹlẹ́fun ń gba ikùn rẹ̀ kọjá kó tó padà sẹ́nu, ó sì ń gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ti iná ewé (aphid), kòkòrò mìíràn tó ń da ata láàmú, ètè ni ẹrù tirẹ̀ lẹ̀ mọ́. Kí oògùn tó pa á, ó ti já ẹrù.

Ní ti àrùn tó ń mú kí ewé ilá pọ́n láàbọ̀, kó sì tutù láàbọ̀, mo fẹ́ pè é ní aláràbarà, àmọ́ mo rántí ẹ̀wù Jósẹ́fù inú Bíbélì. Ó lẹ́wà jù fún àìsàn. Tóótòòtó ni mo fi sí i.

Fáírọ́ọ̀sì nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí kòkòrò lè padà di ti ohun tó ń fò.